Owó Orí Kábọ́ọ̀nù ní Ọsirélíà: Bí Wọ́n Ṣe Gbé e Dé, Bí Ó Ṣe Ṣiṣẹ́, Bí Wọ́n Ṣe Wọ́gi Lé e

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 2014, àwọn aṣòfin àgbà ní Canberra, olú-ìlú Ọsirélíà, dìbò 39 sí 32, wọ́n wọ́gi lé òfin tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá lórí èéfín tí wọ́n ń tú sójú ọ̀run. Ọdún méjì péré ni òfin náà lò. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé kiri láti ìgbà náà ni pé ọrọ̀ ajé kò lè gbé e, pé orílẹ̀-èdè tó ń jẹun láti inú èédú àti irin kò lè máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu owó lé èédú. Àlàyé yẹn rọrùn, ṣùgbọ́n kò bá àkọsílẹ̀ mu. Ọrọ̀ ajé Ọsirélíà gbé e. Òṣèlú ni kò gbé e, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà gba owó náà, tí wọ́n tún gbà dá a padà fún aráàlú, ló fi ohun ìjà lé àwọn alátakò lọ́wọ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀

Ọ̀dá ńlá kan wà ní gúúsù-ìlà-oòrùn Ọsirélíà tó jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2009. Odò Murray fà, àwọn àgbẹ̀ tó ń bomi rin oko kò rí omi tó tó. Ìdí nìyẹn tí àyípadà ojú ọjọ́ fi di ọ̀rọ̀ ìbò lọ́dún 2007. John Howard ti ẹgbẹ́ Liberal tó wà lórí àlééfà ṣèlérí pé òun yóò dá ọjà èéfín sílẹ̀, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ yóò ti máa ra ìwé àṣẹ láti tú èéfín, tí wọn yóò sì máa tà á láàárín ara wọn. Kevin Rudd ti ẹgbẹ́ Labor tó ń bá a du ipò ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí èyí wà lọ́kàn yín bí ẹ bá ń ka ìyókù: lọ́dún 2007, ẹgbẹ́ méjèèjì ló fọwọ́ sí i pé kí èéfín ní iye.

Rudd wọlé ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, ó sì fọwọ́ sí àdéhùn Kyoto, àdéhùn àgbáyé lórí dídín èéfín kù, ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òfin. Iṣẹ́ náà kò kéré, torí nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin iná mànàmáná Ọsirélíà nígbà yẹn ló ń ti inú èédú wá. Oríṣi méjì sì ni èédú ọ̀hún. Dúdú ni ti New South Wales àti Queensland, ó gbẹ, ó sì gbóná dáadáa. Àwọ̀ ilẹ̀ ni ti àfonífojì Latrobe ní Victoria, omi pọ̀ nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ga ju ti dúdú lọ. Kò sí owó tí a lè bù lé èéfín tí Latrobe kò ní kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Òfin Rudd dé iwájú àwọn aṣòfin àgbà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún 2009, ó sì ṣubú lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, ni ó yẹ ká yẹ̀ wò dáadáa. Malcolm Turnbull, olórí ẹgbẹ́ alátakò, ti bá Rudd ṣe àdéhùn pé ẹgbẹ́ Liberal yóò fọwọ́ sí i. Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí wọ́n dìbò, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ ọ́ nípò, wọ́n fi Tony Abbott rọ́pò rẹ̀. Ìbò kan ṣoṣo ló fi jù ú lọ, 42 sí 41. Ọjọ́ kejì, òfin náà ṣubú pẹ̀lú ìbò 41 sí 33. Àwọn aṣòfin obìnrin méjì láti ẹgbẹ́ Liberal, Judith Troeth àti Sue Boyce, kọ àṣẹ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n dìbò fún ìjọba. Àwọn márùn-ún tó jẹ́ ti Greens, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àyíká, náà dìbò lòdì sí i, wọ́n ní kò le tó, pé ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn olówó èédú ti pọ̀ jù.

Ẹ ṣírò rẹ̀: bí àwọn márùn-ún yẹn bá bọ́ sí apá kejì, 38 sí 36 ni ìbò ì bá jẹ́, òfin ì bá kọjá. Títí di òní, àwọn Labor kò jẹ́ kí Greens gbàgbé. Àwọn Greens náà ní èsì: àfojúsùn tí Labor gbé kalẹ̀ nígbà náà, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún péré ni kí èéfín fi dín sí ti ọdún 2000 kí ọdún 2020 tó dé, àfi bí ayé bá ṣe àdéhùn tó nípọn. Ẹjọ́ àwọn méjèèjì dùn ún gbọ́. Ohun tó dájú ni pé àyè tí ẹgbẹ́ ńlá méjì jọ fọwọ́ sí nǹkan kan náà ti pa dé lọ́jọ́ náà, kò sì ṣí mọ́.

Ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Copenhagen parí láìsí àdéhùn tó ní agbára òfin. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2010, Rudd gbé ètò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ti pe ọ̀rọ̀ yìí ní ìpèníjà ìwà ọmọlúàbí tó tóbi jù lọ fún ìran rẹ̀ ló tún ní ó di ìgbà mìíràn. Iyì rẹ̀ lọ sílẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ 24 oṣù Kẹfà, Julia Gillard ti gba ipò olóòtú ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbólóhùn kan tó di ẹrù

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2010, ọjọ́ márùn-ún ṣáájú ìdìbò, Gillard sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kò ní sí owó orí kábọ́ọ̀nù lábẹ́ ìjọba tí òun bá ń darí. Kò tíì tó ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tó tún sọ fún ìwé ìròyìn pé òun kò tì ilẹ̀kùn mọ́ fífi iye lé èéfín nípasẹ̀ ọjà. Èkíní ni gbogbo ayé gbọ́.

Ìbò náà pín dọ́gba: 72 fún Labor, 72 fún àwọn alátakò, nínú ìjókòó 150. Kí ó tó lè dá ìjọba sílẹ̀, Gillard ní láti bá Adam Bandt ti Greens àti àwọn aṣòfin olómìnira mẹ́ta dọ́wọ́ pọ̀: Andrew Wilkie, Tony Windsor àti Rob Oakeshott. Ara ohun tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni ìgbìmọ̀ kan tí yóò pinnu bí èéfín yóò ṣe ní iye. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2011, ìjọba kéde pé ó ti pinnu.

Ọ̀nà tí wọ́n yàn ni pé kí iye náà dúró lójú kan fún ọdún mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ó di ọjà tí iye yóò máa gòkè tí yóò máa sọ̀kalẹ̀. Ìdí tó mú kí wọ́n yàn án bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: Labor àti Greens kò lè fẹnu kò lórí iye èéfín tí gbogbo orílẹ̀-èdè gbọ́dọ̀ tú, ọjà kò sì lè bẹ̀rẹ̀ láìsí òdiwọ̀n yẹn. Wọ́n fi iye tí kò yẹ̀ ra ọdún mẹ́ta kí àríyànjiyàn náà lè rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ìjọba dá, tí kò gòkè tí kò sọ̀kalẹ̀ lọ́wọ́ ọjà, jọ owó orí lójú ẹnikẹ́ni. Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀ gan-an, wọ́n bi Gillard lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá owó orí ni, ó sì gbà pé bí owó orí ló ṣe rí, pé òun kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí orúkọ. Nínú gbogbo àṣìṣe tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó wọ́n tó ìyẹn. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni "owó orí kábọ́ọ̀nù" ti di orúkọ rẹ̀, tí Gillard sì di òpùrọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ṣe ìwọ́de.

Òfin kọjá nílé aṣojú-ṣòfin ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ọdún 2011, 74 sí 72, ó kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin àgbà ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, 36 sí 32. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje ọdún 2012 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Dọ́là Ọsirélíà 23 lórí tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún kejì ó di 24.15. Ọdún kẹta ì bá jẹ́ 25.40, lẹ́yìn náà kí ọjà gbà á ní oṣù Keje ọdún 2015. Ibùdó tó bá ń tú tọ́ọ̀nù 25,000 jáde lọ́dún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òfin mú: àwọn ilé-iṣẹ́ amúnáwá, ibi ìwakùsà, ilé ìyọ́rin, ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì, ààtàn ńláńlá. Àwọn wọ̀nyí kò tó ilé-iṣẹ́ 500, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn ni nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín orílẹ̀-èdè náà ti ń jáde. Òfin kò kan iṣẹ́ oko. Kò kan epo tí aráàlú ń rà sínú ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá sọ pé owó orí yìí ló gbé owó epo ọkọ̀ rẹ̀ sókè, irọ́ ni.

Ilé-iṣẹ́ tí òfin mú yóò wọn èéfín rẹ̀, yóò sì fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ Clean Energy Regulator kí oṣù Kẹwàá tó parí. Gbogbo tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ fi ìwé àṣẹ kan lélẹ̀ fún. Ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó fojú bù gbọ́dọ̀ wọlé kí ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà tó kọjá, ìyókù kí ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì tó tẹ̀ lé e tó kọjá. Bí kò bá san tó, ìdá 130 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìwé àṣẹ ni yóò fi san èyí tó kù. Ìwé àṣẹ tó bá rà lọ́wọ́ ìjọba ní iye tí kò yẹ̀ yìí, kò lè tọ́jú rẹ̀ di ọdún mìíràn. Ó lè fi ìwé ẹ̀rí àwọn àgbẹ̀ tó gbin igi tàbí tó dín èéfín oko kù rọ́pò, ṣùgbọ́n kò lè ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè rẹ̀ lọ.

Lórí iná mànàmáná, ìṣirò rẹ̀ lọ báyìí. Kí ibùdó tó ń sun èédú aláwọ̀ ilẹ̀ tó mú yúníìtì 1,000 jáde, yóò tú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1.3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní dọ́là 23, dọ́là 30 ló ti gun orí rẹ̀. Ti èédú dúdú jẹ́ nǹkan bí dọ́là 21, torí tọ́ọ̀nù rẹ̀ sún mọ́ 0.9. Ti gáàsì jẹ́ nǹkan bí dọ́là 10. Afẹ́fẹ́ àti omi kò san kọ́bọ̀. Ọjà iná ibẹ̀ máa ń pe ẹni tí iye rẹ̀ bá kéré jù ṣáájú. Kò pọn dandan kí ìjọba pàṣẹ pé kí ibùdó kan tì. Ẹni tí èéfín rẹ̀ pọ̀ yóò kàn rí i pé wọn kò pe òun mọ́ ní òru tàbí nígbà tí iná tí ìlú ń lò bá kéré. Láàárín ọdún méjì náà, èéfín láti ọjà iná ìlà-oòrùn Ọsirélíà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá dín kù.

Kì í ṣe owó náà nìkan ló dín in kù o. Iná tí aráàlú ń lò ti ń wálẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ti ń pọ̀ sórí òrùlé. Lẹ́yìn èyí, Tasmania wà níbẹ̀. Omi ni erékùṣù náà fi ń mú iná jáde, ó sì ní wáyà kan, Basslink, tó gba abẹ́ òkun lọ sí Victoria. Ní ọdún méjì tí èéfín fi ní iye, omi di wúrà. Ilé-iṣẹ́ iná ìjọba ibẹ̀ tú omi adágún rẹ̀ sílẹ̀ gidigidi, ó ń ta iná sí Victoria ní owó gọbọi. Wọ́n mọ̀ pé Abbott lè wọlé kí ó sì wọ́gi lé òfin, nítorí náà wọ́n tètè pa owó náà. Adágún wálẹ̀. Nígbà tí òjò fà sẹ́yìn lọ́dún 2015, tí Basslink sì já ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá, Tasmania ní láti kó ẹ̀rọ amúnáwá oní-díísẹ̀lì wọlé kí iná má baà kú. Òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó lè kú lọ́la máa ń kọ́ àwọn oníṣòwò láti jẹ èyí tí wọ́n bá lè jẹ lónìí.

Owó tó jáde àti owó tó wọlé

Ilé-iṣẹ́ tó ń bá ti ilẹ̀ òkèèrè díje, tí èéfín rẹ̀ sì pọ̀, bí ti irin, alumíníọ̀mù àti síńkì, gba ìdá 94.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí a bá fi ìwọ̀n gbogbogbò iṣẹ́ náà ṣe òdiwọ̀n. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn gba ìdá 66. Ẹ̀bùn náà yóò máa fi ìdá 1.3 dín kù lọ́dọọdún. Ẹ wo ilé-iṣẹ́ tó tú tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù kan: dípò mílíọ̀nù dọ́là 23, tọ́ọ̀nù 55,000 ni yóò san owó lé lórí, èyí tí í ṣe mílíọ̀nù 1.265. Dọ́là kan àti díẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù. Síbẹ̀ tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó bá dín kù ṣì ń gba dọ́là 23 là fún un, nítorí ìwé àṣẹ ọ̀fẹ́ náà kò dín kù bí èéfín rẹ̀ bá dín. Ó gún régé lójú onímọ̀ ọrọ̀ ajé. Aráàlú kò rí i bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n ń fún olówó lówó.

Abbott lọ sí Whyalla, ìlú irin ní South Australia, ó ní owó orí yìí yóò pa ìlú náà rẹ́ kúrò lórí máápù. Whyalla wà lára àwọn tó gba ìdá 94.5, ìjọba sì tún ya mílíọ̀nù dọ́là 300 sọ́tọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ irin. Ìgbà tí ilé-iṣẹ́ irin ibẹ̀ wá wó lulẹ̀ lóòótọ́, lọ́dún 2016, òfin náà ti kú láti ọdún méjì. Gbèsè àti bí owó irin ṣe já lọ́jà àgbáyé ló gbé e ṣubú. Barnaby Joyce, aṣòfin àgbà kan lára àwọn alátakò, ní ẹran àgùntàn tí ìdílé kan ń yan lọ́jọ́ ìsinmi yóò di dọ́là 100. Oko kò sì sí nínú òfin rárá.

Aráàlú ńkọ́? Ilé ìṣúná fojú bù ú pé dọ́là 9.90 ni yóò máa jáde lápò ìdílé kan lọ́sẹ̀, tí ìrànwọ́ tí yóò wọlé yóò sì jẹ́ 10.10. Lórí ìwé, èrè ni. Ní oṣù Karùn-ún àti Kẹfà ọdún 2012, kí ọjà tó gbówó lórí, wọ́n ti san dọ́là 250 fún afẹ̀yìntì tó ń dá gbé, àti 190 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú tọkọtaya. Ẹ fi wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà: ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, jálá tó wà ní náírà 65 fò sí nǹkan bí 141, kò sì sí ohun tó ti dé ọwọ́ aráàlú. Ìwọ́de gba gbogbo ìlú, ó sì di dandan kí wọ́n dá a padà sí 97. Àwọn ará Canberra gbọ́n ju ti Àbújá lọ ní ti ètò. Ibi tí wọ́n ti kùnà yàtọ̀.

Fún òṣìṣẹ́, inú owó orí ni ìrànwọ́ náà gbà wá. Owó tí ènìyàn lè pa lọ́dún kí owó orí tó bẹ̀rẹ̀ gòkè láti dọ́là 6,000 sí 18,200. Ó dún bí nǹkan ńlá. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó owó orí kan ti wà tẹ́lẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kéré, tó jẹ́ pé ní tòótọ́ ẹni tó ń gba 16,000 kì í san nǹkan kan. Wọ́n gé èyí kù, wọ́n sì gbé ìwọ̀n owó orí sókè díẹ̀. Ohun tó kù fún ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí owó wọn kò tó 80,000 jẹ́ nǹkan bí dọ́là 300 lọ́dún, bíi dọ́là mẹ́fà lọ́sẹ̀, tó wọ inú owó iṣẹ́ láìsí ohun tó ṣàlàyé ibi tó ti wá.

Owó iná kò sì fara pamọ́. Dọ́là 3.30 lọ́sẹ̀ ni Ilé ìṣúná fojú bù fún iná ìdílé kan, èyí jẹ́ nǹkan bí dọ́là 43 lóṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan náà lórí bébà kan. Ní New South Wales, níbi tí ẹgbẹ́ alátakò ti ń ṣe ìjọba ìpínlẹ̀, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n kọ ọ́ sórí bíìlì pé owó orí kábọ́ọ̀nù ìjọba àpapọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ní tirẹ̀ ṣe ìpolówó ìrànwọ́ náà lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì dárúkọ kábọ́ọ̀nù níbẹ̀, ó ń bẹ̀rù orúkọ náà. Orúkọ dúró níbi tí owó ti ń jáde, ó sọnù níbi tí owó ti ń wọlé. Kò sí ètò ìrànwọ́ tó lè borí irú ìyẹn.

Ohun tó tún burú sí i ni pé owó iná ti ń gòkè láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí owó òbítíbitì tí wọ́n ná sórí òpó àti wáyà. Nǹkan bí ìdajì bíìlì ilé ni ti òpó àti wáyà. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀, owó iná fò sókè ní ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Nǹkan bí mẹ́wàá ni ti kábọ́ọ̀nù, ìyókù jẹ́ ti wáyà. Lójú ẹni tó ń san án, gbogbo rẹ̀ ni ti Gillard.

Àwọn ibi tó ti há lẹ́sẹ̀

Gáàsì fíríìjì kò sí lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìròyìn nípa òfin yìí, ṣùgbọ́n àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe kò lè gbàgbé rẹ̀. Gáàsì wọ̀nyí ń mú ayé gbóná ju èéfín èédú lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, wọ́n sì bu owó lé wọn bí agbára wọn ti tó. R134a, tí kílò rẹ̀ kan dọ́gba pẹ̀lú 1,300 kílò kábọ́ọ̀nù, gba dọ́là 29.90 lórí kílò. R404A, tó wà nínú fíríìjì ńlá ilé ìtajà, jẹ́ 3,260, owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 75 lórí kílò kan. Alápatà àti ẹlẹ́ja tí fíríìjì rẹ̀ ń jò rí bíìlì tí kò rí irú rẹ̀ rí. Lórí ìmọ̀ àyíká, ó tọ́ gan-an: ọ̀nà tó yá jù láti dín gáàsì yìí kù ni kí wọ́n di ihò tó ń jò. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kékeré kò sí lára àwọn tí ìrànwọ́ kàn, òun sì ni Abbott ń lọ bẹ̀ wò pẹ̀lú kámẹ́rà lẹ́yìn, ìsọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Àwọn kan tún fi owó tiwọn kún un. Àjọ tó ń ṣọ́ ọjà lè bu owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 1.1 lé ilé-iṣẹ́ tó bá purọ́ nípa èyí. Síbẹ̀, olórí ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ pé kí wọ́n gbé owó sókè, kí owó orí kábọ́ọ̀nù sì ru ẹ̀bi náà. Ìwé náà jò síta, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ti ààtàn tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdọ̀tí tí wọ́n bá dà lónìí yóò máa tú gáàsì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nítorí náà, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni ààtàn gbọ́dọ̀ gba owó èéfín ọdún tó ń bọ̀ ní ẹnu géètì lónìí. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òfin kú, owó wà lọ́wọ́ wọn fún gbèsè tí kò sí mọ́, kò sì sí ẹni tó lè mọ ẹni tó da ìdọ̀tí wo kí a tó dá tirẹ̀ padà fún un.

Àlàfo tó tóbi jù lọ wà nínú ìṣúná. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ìjọba gbà pé lẹ́yìn ọdún 2015 ọjà Ọsirélíà yóò so pọ̀ mọ́ ti Yúróòpù, wọ́n sì yọ iye tó kéré jù, dọ́là 15, tí wọ́n ti ṣèlérí. Owó èéfín ní Yúróòpù já lulẹ̀. Ilé ìṣúná ti ṣírò dọ́là 29 fún ọdún 2015 sí 2016. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013 wọ́n sọ ọ́ di 12.10. Wọ́n ti ṣèlérí gígé owó orí kejì pẹ̀lú owó tí kò ní wá. Wọ́n gbé ìyẹn tì.

Ọrọ̀ ajé gan-an

Ọ̀wọ́n gógó ọjà kò kọjá ohun tí wọ́n fojú bù, ìyẹn ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀ẹ̀kan. Ọrọ̀ ajé ń dàgbà ní ọdún méjèèjì. Ọsirélíà kò rí ìfàsẹ́yìn láti ọdún 1991 títí Kòrónà fi dé. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tì, bí ti alumíníọ̀mù ní Kurri Kurri lọ́dún 2012. Owó alumíníọ̀mù ti já lọ́jà àgbáyé, dọ́là Ọsirélíà sì ti ga ju ti Amẹ́ríkà lọ. Èyí kejì ló ń pa àwọn tó ń ta ọjà sí òkèèrè, ìwakùsà fúnra rẹ̀ ló sì fà á: irin àti èédú ń mú owó òkèèrè wọlé bí omi, dọ́là ń le sí i, gbogbo ilé-iṣẹ́ mìíràn ń san án. Ẹni tó bá ń wá ohun tó ṣe ilé-iṣẹ́ Ọsirélíà léṣe ní ọdún wọ̀nyẹn, ibẹ̀ ni kí ó wò. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣe ìwọ́de lòdì sí bí dọ́là ṣe le.

Wíwọ́gi lé e, àti ohun tó ṣẹ́ kù

Labor fúnra rẹ̀ ti fi í sílẹ̀. Rudd padà gba ipò lọ́wọ́ Gillard ní oṣù Kẹfà ọdún 2013, ó sì kéde ní oṣù tó tẹ̀ lé e pé òun yóò fòpin sí owó orí náà ní ọdún kan ṣáájú, kí ọjà tètè bẹ̀rẹ̀. Abbott wọlé ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án.

Nílé aṣòfin àgbà, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ Clive Palmer, olówó tó ní ilẹ̀ èédú àti ilé-iṣẹ́ níkẹ́lì. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Al Gore, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan tó ń jà fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, ní Canberra, ó ní òun yóò dìbò kí owó orí kúrò, ṣùgbọ́n ilé-ìṣúná agbára mímọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Ìran yẹn ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje ó dá ìjọba lójú tì, ó ní àtúnṣe òun kò sí nínú òfin. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ó gbà, nígbà tí wọ́n ti fi ìjìyà sí i: ilé-iṣẹ́ iná tí kò bá dá owó tó dín kù padà fún oníbàárà yóò san ìlọ́po méjì àbọ̀ rẹ̀.

Owó iná já wálẹ̀ ní ìdá 5.1 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù mẹ́ta, èyí tó pọ̀ jù lọ nínú àkọsílẹ̀. Abbott fi ìrànwọ́ aráàlú sílẹ̀ bó ṣe wà. Owó tó ń wọlé ti dá, èyí tó ń jáde kò dá. Ó wá fi bílíọ̀nù 2.55 lélẹ̀ láti máa ra ìdínkù èéfín: ní títà àkọ́kọ́, oṣù Kẹrin ọdún 2015, ìjọba san dọ́là 13.95 ní ìpíndọ́gba lórí tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó ń tú èéfín ló ń san 24.15 fún ìjọba kí wọ́n tó wọ́gi lé òfin. Nígbà tó di 2015, owó aráàlú ni ìjọba ń san. Lọ́dún 2017, Peta Credlin tó jẹ́ olórí òṣìṣẹ́ lọ́fíìsì Abbott sọ ní gbangba pé kì í ṣe owó orí kábọ́ọ̀nù rárá, pé òṣèlú ni àwọn fi sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Turnbull tún di olóòtú ìjọba, ètò agbára tún gbé e ṣubú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018. Hazelwood, ibùdó amúnáwá tó ń sun èédú ní Latrobe, tì ní oṣù Kẹta ọdún 2017. Oṣù márùn-ún péré ni ìkìlọ̀, owó iná sì fò, torí kò sí ẹni tó mọ òfin tí yóò wà lọ́dún mẹ́wàá sí i, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́ ibùdó tuntun, ì báà jẹ́ ti èédú tàbí ti gáàsì.

Ilé-ìṣúná agbára mímọ́, CEFC, tí wọ́n fi bílíọ̀nù 10 dá sílẹ̀, ṣì wà. ARENA, àjọ ìjọba tó ń náwó sórí agbára tí kì í tán bí oòrùn àti afẹ́fẹ́, náà wà. Ìwọ̀n tí Abbott fi sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ tó ń tú ju tọ́ọ̀nù 100,000 lọ, èyí tí kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà nígbà náà, ni Labor mú lọ́dún 2023, pẹ̀lú ìbò àwọn Greens, ó sì sọ ọ́ di òfin tó léyín: ìdá 4.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìwọ̀n náà ń fi wálẹ̀ lọ́dọọdún títí di 2030, ẹni tó bá kọjá rẹ̀ yóò ra ìwé ẹ̀rí, dọ́là 75 ló sì jẹ́ òkè tí ìjọba ti ń tà á lọ́dún àkọ́kọ́. Iye yẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ti Gillard lọ. Àwọn ibùdó amúnáwá tó so mọ́ ọjà iná wà lábẹ́ ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo wọn, tó ga débi pé kò kàn wọ́n, nítorí náà kò sí ohun tí ìpínlẹ̀ kankan lè kọ sórí bíìlì iná ilé.